Bí A Ṣe Ń Yan Ẹ́ńjìnì Àfirọ́pò fún Rọ́kẹ́ẹ̀tì Onípele Méjì

Ní ìpàdé wa tó kọjá, wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ohun kan tó mọ̀, kó fi Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀ débi pé ẹni tí kò gbọ́ ọ rí á lóye ẹ̀. Àwọn kan mú àmàlà, àwọn kan mú ayò ọlọ́pọ́n. Èmi ní màá mú rọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí pé ṣé Yorùbá lè gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ó lè gbé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Bàbá àgbà ọ̀rẹ́ mi lọ kàwé ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ọ̀rẹ́ mi yìí ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè, èmi ń sùn ní ìsàlẹ̀. Nígbà tí bàbá yẹn ń bọ̀ wálé, wọ́n ra páálí rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń tò fúnra wọn. Onípele méjì ni. Wọ́n tò ó tán, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà pupa, àmọ́ wọn ò yìn ín rí. Láti ìgbà náà ló ti wà nínú àpótí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà ìsinmi Kérésìmesì, wọ́n gbé e fún ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ní, "Ẹ bá mi yìn ín nígbà tí ojú mi ṣì ń ríran díẹ̀." Ojú bàbá ń ṣú lọ́dọọdún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí ò fi jẹ́ eré lójú ọ̀rẹ́ mi.

Gbogbo ẹ̀ ló pé: ọ̀pá páálí, imú, apá ẹ̀yìn, páráṣúùtù. Ẹ́ńjìnì nìkan ni kò sí. Ẹ́ńjìnì rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kì í ṣe irin bíi ti mọ́tò. Páálí líle ni, ó rí roboto, kò ju ìka àgbàlagbà lọ, wọ́n sì ki ẹ̀tù dúdú mọ́ inú ẹ̀ gbagidi nílé iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń jó, lẹ́yìn náà a jù ú nù.

Ìwé tó wà nínú páálí sọ pé kí a fi B14-0 sí ìpele ìsàlẹ̀, kí a fi B6-6 tàbí C6-7 sí ìpele òkè. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa bá wa wò ó. Wọ́n ní wọn ò ṣe B14 mọ́, ó ti pẹ́. Ìbéèrè tó kù ni pé: kí la máa fi rọ́pò ẹ̀?

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ìpele méjì?

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì onípele ṣe rí gan-an nìyẹn. Ìpele ìsàlẹ̀ ni àgbàlagbà: iṣẹ́ ẹ̀ ni kí ó gbé gbogbo ẹrù kúrò nílẹ̀. Ìpele òkè ni ọmọdé: ó fúyẹ́, iṣẹ́ ẹ̀ ni kí ó sáré lọ jìnnà.

Ẹ wò ó báyìí. Tí ẹ bá gbé gáàlọ̀nù omi méjì láti ibi ẹ̀rọ omi lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, tí omi ọ̀kan tán lójú ọ̀nà, ṣé ẹ máa ṣì máa ru gáàlọ̀nù òfìfo? Ẹ máa jù ú sílẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ń ju èyí tó ti tán sílẹ̀, kí èyí tó kù má bàa ru ẹrù lásán.

Àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Saturn V tó gbé àwọn ènìyàn lọ sí òṣùpá ní July 1969 ní ìpele 3. Ti Nàìjíríà wa ńkọ́? Sátẹ́láìtì wa àkọ́kọ́, NigeriaSat-1, gòkè ní September 27, 2003, láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Kosmos-3M ló gbé e, onípele 2 ni. Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òfuurufú jìnnà sí wa níhìn-ín. Ní 1962, nígbà tí John Glenn ń yí ayé po nínú òfuurufú, ọ̀kan nínú àwọn ibùdó tó ń bá a sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀ wà ní Kánò. Láti Zaria dé Kánò, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò jìnnà.

Ọ̀rọ̀ ìrọ́pò pàápàá, àwọn àgbà ń ṣe é. NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X gòkè ní August 17, 2011, lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Dnepr. Dnepr yìí, ohun ìjà ogun ni wọ́n ṣe é fún tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó tún un ṣe láti máa gbé sátẹ́láìtì. Ẹ rí i pé a lè fi nǹkan rọ́pò nǹkan, ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Bí a ṣe ń ka orúkọ ẹ́ńjìnì

Orúkọ ẹ́ńjìnì ní ohun mẹ́ta nínú. Ẹ jẹ́ ká mú C6-7.

Lẹ́tà ni àkọ́kọ́. Ó ń sọ gbogbo agbára tó wà nínú ẹ́ńjìnì náà lápapọ̀. Newton-sẹ́kọ́ńdù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n:

A: ó lé ní 1.25, kò ju 2.5 lọ
B: ó lé ní 2.5, kò ju 5 lọ
C: ó lé ní 5, kò ju 10 lọ
D: ó lé ní 10, kò ju 20 lọ

Ẹ rí i pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó wà ṣáájú ẹ̀. Ẹ fi wé gàrí: tí A bá jẹ́ ìlàjì kóńgò, B jẹ́ kóńgò kan, C jẹ́ kóńgò méjì, D jẹ́ mẹ́rin.

Nọ́ńbà àárín ni ìkejì. Ó ń sọ ipá tí ẹ́ńjìnì náà fi ń ti rọ́kẹ́ẹ̀tì, tí a bá pín in dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Newton ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ti C6 jẹ́ newton 6. Èyí ni bí ẹnu àpò gàrí ṣe fẹ̀ tó. Àpò lè tóbi kí ẹnu ẹ̀ há, gàrí á máa jáde díẹ̀díẹ̀. Àpò lè kéré kí ẹnu ẹ̀ fẹ̀, gàrí á dà wìì lẹ́ẹ̀kan náà.

Tí ẹ bá fi nọ́ńbà àárín pín agbára àpapọ̀, ẹ máa mọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó máa fi jó. C6 tó kún: 10 ÷ 6, ó jẹ́ bíi 1.7. B14 tó kún: 5 ÷ 14, kò tó ìlàjì ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbàà! Ó ti tán.

Nọ́ńbà ìkẹyìn ni ìkẹta. Ó ń sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ́ńjìnì máa dúró lẹ́yìn tí ó bá jó tán, kí ó tó bú sí iwájú kí páráṣúùtù lè jáde. Ti C6-7 jẹ́ 7. Ní àkókò yẹn, rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì ń fi eré tó ti ní gòkè lọ.

Òdo ńkọ́? Òdo ò túmọ̀ sí pé kò lágbára o. Ó túmọ̀ sí pé kò dúró rárá. Bí ẹ̀tù ṣe ń jó dé orí, iná á yọ síwájú, á wọ ẹnu ẹ́ńjìnì òkè, á sì tàn án. Ẹ́ńjìnì méjèèjì á fara kan ara wọn, sẹ́lótéèpù la fi ń dè wọ́n pọ̀. Iná kan náà ló ń tan èkejì, òun náà ló ń já ìpele ìsàlẹ̀ kúrò.

Ìbéèrè mẹ́rin tí a ń bi ẹ́ńjìnì ìsàlẹ̀

Ìkíní: Ṣé òdo ni nọ́ńbà ìkẹyìn ẹ̀? Tí kì í bá ṣe òdo, ẹ má lò ó nísàlẹ̀. Ká ní ẹnì kan fi C6-5 sí ìsàlẹ̀. Ó máa jó tán, ó máa wá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Láàárín àkókò yẹn, ẹrù ti wúwo, eré ti ń tán, rọ́kẹ́ẹ̀tì lè ti yí imú padà kó kọjú sí ilẹ̀. Tí ẹ́ńjìnì òkè bá wá tàn nígbà yẹn, ilẹ̀ ló máa sáré lọ. Tàbí ibi tí a dúró sí. Bákan náà, ẹ̀tù dúdú ni ẹ́ńjìnì ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Oríṣi ẹ́ńjìnì mìíràn wà tí wọn ò fi ẹ̀tù dúdú ṣe. Ìyẹn kì í tan ẹ́ńjìnì òkè ní ọ̀nà yìí.

Ìkejì: Ṣé ó wọ ihò? B6 àti C6 fẹ̀ tó mìlímítà 18. D12 fẹ̀ tó 24. Ihò inú rọ́kẹ́ẹ̀tì bàbá jẹ́ 18.

Ìkẹta: Ṣé ipá ẹ̀ tó ẹrù? Ibí ni mo ti ṣìnà, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Òfin tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń tẹ̀ lé ni pé ipá ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 5 ìwúwo rọ́kẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, á fi irin gbọọrọ tó ń tọ́ ọ sọ́nà sílẹ̀ pẹ̀lú ìjáfara, atẹ́gùn á sì darí ẹ̀ síbi tó wù ú.

Ìkẹrin: Ṣé kò ní gòkè jù? Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ojú ò bá rí mọ́, ó ti sọnù nìyẹn. Ẹni tí ojú ẹ̀ sì ti ń ṣú ló fẹ́ wo tiwa.

Ìṣirò wa

Nígbà tí wọ́n sọ pé B14 ò sí mọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Mo ní, "C ju B lọ, ẹ jẹ́ ká fi C6-0 sí i." Ọ̀rẹ́ mi gbà pẹ̀lú mi. Olùkọ́ wa ò sọ pé mo gbà á tàbí mo ṣì í. Wọ́n kàn ní ká lọ wọn rọ́kẹ́ẹ̀tì náà.

A wọ̀n ọ́n ní yàrá sáyẹ́ǹsì: gíráàmù 85 láìsí ẹ́ńjìnì. A fi bíi 45 kún un fún ẹ́ńjìnì méjèèjì. Ó di 130. Ipá tí ilẹ̀ fi ń fa gíráàmù 100 jẹ́ bíi newton 1, nítorí náà ìwúwo rọ́kẹ́ẹ̀tì wa jẹ́ bíi newton 1.3. Ìlọ́po 5 ẹ̀ jẹ́ 6.5.

Ó yá, ẹ bá mi wò ó. Ti B14 jẹ́ 14, ó ju 6.5 lọ dáadáa. Ti C6 jẹ́ 6. Kò tó. C6 ní agbára àpapọ̀ tó jẹ́ ìlọ́po méjì ti B14, síbẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ B14, nítorí pé ẹnu àpò ẹ̀ há. Lẹ́tà nìkan ni mo wò, mi ò wo nọ́ńbà. Ká ní a fi sí i, bóyá ìgbà kan ṣoṣo tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bàbá máa fò, orí igi ni ì bá balẹ̀ sí.

A wá wo D12-0. Ipá ẹ̀ jẹ́ 12, ó tó. Àmọ́ kò wọ ihò 18. Nítorí náà, a máa ní láti ṣe ìpele ìsàlẹ̀ tuntun tó ní ihò 24, kí a fi ti bàbá pamọ́. Ìyẹn á fi ìwúwo kún un. A ṣírò ẹ̀ sí gíráàmù 160: newton 1.6, ìlọ́po 5 jẹ́ 8. 12 ṣì ju 8 lọ. Ó dára.

Ṣùgbọ́n ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti wúwo sí i nìyẹn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ìdí ẹ̀ wúwo jù máa ń ta gìẹ̀gìẹ̀ lójú ọ̀run. Apá ẹ̀yìn ìpele tuntun gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Bí a ṣe ń dán an wò ni pé a máa so okùn mọ́ ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà, tòun ti àwọn ẹ́ńjìnì ẹ̀, ti dúró gbọọrọ láìṣubú síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún, a ó wá máa fì í yí orí ká. Tí imú ẹ̀ bá ń ṣáájú, ó dára. Tí ìdí bá ń ṣáájú, ẹ má yìn ín.

Ẹ́ńjìnì òkè

Ti òkè ò gbọdọ̀ jẹ́ òdo láéláé, nítorí òun ló máa tú páráṣúùtù sílẹ̀. Nọ́ńbà ìkẹyìn ẹ̀ sì máa ń pọ̀, nítorí pé eré ti wà lára rọ́kẹ́ẹ̀tì kí ó tó tàn, ó ṣì máa lọ jìnnà lẹ́yìn tí ó bá jó tán. Tí páráṣúùtù bá tètè jáde nígbà tí eré ṣì pọ̀, á ya. Tó bá pẹ́ jù, rọ́kẹ́ẹ̀tì á ti máa já bọ̀, páráṣúùtù á tún ya náà ni.

Àwọn tó wà fún òkè ni A8-5, B6-6 àti C6-7. Ìwé bàbá ní B6-6 tàbí C6-7. Àmọ́ nígbà tí a ti fi D12-0 sí ìsàlẹ̀, agbára ìsàlẹ̀ ti pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Tí a bá tún fi C6-7 sí òkè, ó dìgbóṣe. A yan A8-5. Ẹ rí i pé tí a bá pààrọ̀ ti ìsàlẹ̀, ó yẹ ká tún ti òkè rò. A kì í yan ọ̀kan láìwo èkejì.

Ohun tí mi ò fẹ́ kọ, àmọ́ màá kọ ọ́

Ẹ́ńjìnì tí a yàn yìí, orí ìwé ló wà. Wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn gbé e sínú bàlúù tó ń gbé èrò. Ẹ̀tù ni, ìjọba ò sì gbà kí ènìyàn kàn máa kó ẹ̀tù kiri láìgba àṣẹ.

Nígbà tí a gbọ́ èyí, inú ọ̀rẹ́ mi bàjẹ́. Èmi wá sọ pé ṣebí àwa náà lè ṣe ẹ́ńjìnì tiwa. Mi ò ní kọ bí a ṣe ṣe é. A lọ sí ẹ̀yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì ní ọ̀sán Sátidé kan. Nǹkan náà gbiná kí a tó gbé e sílẹ̀. Ó jó ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la ṣe ìdánwò, kò lè mú báírò. Wọ́n bi í pé ta ló mú àbá wá. Kò dárúkọ mi. Òun nìkan ló gbọn koríko fún ọjọ́ mẹ́rin pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Mo dúró lójú fèrèsé, mò ń wò ó.

Èmi ni mo mú àbá yẹn wá. Mo ti lọ sọ fún olùkọ́ wa, mo sì ti gbọn koríko tèmi. Mo tún ń sọ ọ́ níbí kí gbogbo yín lè gbọ́. Àwọn àgbà ní abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ́ńjìnì tí ilé iṣẹ́ ṣe, wọ́n ti dán irú ẹ̀ wò lọ́pọ̀ ìgbà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè kọ nọ́ńbà sí i lára. Èyí tí ọmọdé ṣe lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì ò ní nọ́ńbà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá òdo ni tàbí 7.

Ohun tí a ń ṣe báyìí

Olùkọ́ wa ní ká fi omi rọ́pò iná ná. A mú ike ẹlẹ́rìndòdò, a bu omi sí ìdá mẹ́ta ẹ̀, a fi páǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Atẹ́gùn á ti omi jáde, ike á fò. Ọgbọ́n kan náà ni: omi ni ẹrù àpò, ihò ike ni ẹnu àpò. Ní ọjọ́ ìbẹ̀wò àwọn òbí, tiwa fò ga ju igi máńgòrò iwájú kíláàsì lọ. Onípele méjì tí a dán wò kò tíì já sílẹ̀ dáadáa, a ṣì ń tún un ṣe. A fẹ́ kó ṣe tán kí Ọ̀sẹ̀ Òfuurufú Àgbáyé tó dé, October 4 sí 10.

Olùkọ́ wa fi fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá àgbà. Wọ́n ní wọ́n rí omi tó ń tàn yanran nínú oòrùn, ó dùn mọ́ wọn. Wọ́n wá béèrè pé, "Pupa mi dà?"

Olùkọ́ wa ti ń kọ lẹ́tà láti gba àṣẹ. Àṣẹ bàlúù náà wà níbẹ̀, nítorí ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ bàlúù wà ní Zaria níbí láti 1964, bàlúù wọn sì máa ń fò kọjá lórí wa. A ò tún ní yìn ín nígbà ọyẹ́ tí koríko ti gbẹ. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ìdánrawò

1. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ gíráàmù 90 pẹ̀lú ẹ́ńjìnì méjèèjì. Ṣé C6-0 lè gbé e?
2. B6 tó kún máa jó fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó?
3. Ọmọ kan fi B6-6 sí ìsàlẹ̀, ó fi C6-0 sí òkè. Àṣìṣe mélòó ló ṣe, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Ẹ mú ìdáhùn yín wá sí ìpàdé. Ọ̀rẹ́ mi ló máa máàkì ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ti san, ó ti lè mú báírò.